Ọdún Tí Odó Wa Gbé Ọkọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí mò ń sọ, ẹ má bi mí ní ọdún, n ò mọ̀ ọ́n kà sẹ́yìn. Ọdún tí a kò jẹ iyán fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko nílé wa ni. Iṣu kò wọ́n o. Iṣu kún abà Bàbá Àgbà dé abẹ́ òrùlé. Odó ni kò ráyè. Abẹ́ ọkọ̀ bàbá mi ni odó wà, ó dojú dé, ó gbé imú ọkọ̀ rù bí alábàárù tí wọ́n di ẹrù ẹni méjì fún. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró odó nílé ẹnikẹ́ni, ọbẹ̀ kọ́ ló ń wá sí mi lọ́kàn, ọkọ̀ ni. Àwọn ọmọ mi rò pé mò ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tí mo bá sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò.

Agbo ilé wa ní Ìrókò, ariwo ló ń jí wa níbẹ̀, kì í ṣe àkùkọ. Bàbá Àgbà, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, á kọ́kọ́ wú ikọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ikọ́ tí kò sí àìsàn kankan nínú rẹ̀, ikọ́ pé kí gbogbo ilé mọ̀ pé onílé ti jí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ẹ̀gì ìyá mi á máa yí gbulugbulu láti inú yàrá jáde, torí epo pupa ni ìyá mi ń tà. Wọ́n ń rà á ní Akanran àti láwọn abúlé mìíràn, wọ́n ń kó o lọ tà ní Ṣáṣá. Lẹ́yìn ìyẹn ni irin á wá bẹ̀rẹ̀: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Bàbá mi nìyẹn lábẹ́ ọkọ̀. Ìyá mi, ọmọ ìjọ Aládùúrà, á gbé orin sókè kí wọ́n má baà gbọ́ ìró irin. Bàbá Àgbà á ké Kùránì sókè kí wọ́n má baà gbọ́ orin. Bàbá mi á túbọ̀ lu irin kí wọ́n má baà gbọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Èmi Ṣìfáwù, ọmọ wọn kan ṣoṣo nígbà náà, á jókòó sáàárín wọn, mà á máa fọ abọ́, mà á sì máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ oṣù. Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ohun ọ̀gbìn ni wọ́n wà, wọ́n ń tún katakata wọn ṣe. Òyìnbó kan níbẹ̀ ló kó ọkọ̀ náà wá láti ìlú rẹ̀, nínú àpótí. Mo ní nínú àpótí. Àwọn òyìnbó kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ ọkọ̀, wọn kì í ra odidi. Wọ́n á ra ara ọkọ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú ìwé tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, wọ́n á wá ẹ́ńjìnnì àti táyà kún un fúnra wọn, wọ́n á wá máa tò ó lọ́jọ́ ìsinmi bí ọmọdé tó ń fi amọ̀ mọ ilé. Òyìnbó yìí kò tíì tò ó dé ìdajì tí wọ́n fi ní kó máa bọ̀ nílé. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi, ó fi ìwé rẹ̀ lé e, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó lọ. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn pé òun rí ẹni gbé wàhálà náà fún.

Ara ọkọ̀ náà kì í ṣe irin. Kì í ṣe ike gan-an, kì í sì í ṣe pákó. Bí o bá fi ìka kàn án, á dún bí akèrègbè. Ìjókòó méjì péré ló ní. Bàbá mi gé ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ibi ẹrù, wọ́n wá fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára fèrèsé ilé wa kùn ún, àwọ̀ ewé. Títí dé ibẹ̀, kò burú. Ìwé sọ pé ẹ́ńjìnnì kékeré ni kí wọ́n gbé sí i. Èyí tí bàbá mi rí ni ti ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú sẹ́yìn ọgbà ibi iṣẹ́ wọn. Wọ́n gbé e sí i bẹ́ẹ̀. Ni imú ọkọ̀ bá wọlẹ̀, ìdí rẹ̀ ga sókè, ó dà bí ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu. Bó bá kó sí kòtò, táyà iwájú á máa ha ara ọkọ̀ gààrà. Sítíárìn ńkọ́? Bàbá mi, ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ lásán gbé táyà katakata, ńṣe ni wọ́n ń fi ìdí dìde lórí ìjókòó kí wọ́n tó lè yí i sí ọ̀nà ilé wa. Bí wọ́n bá ti dé, àwọn ará àdúgbò á kí wọn kú iṣẹ́ bí ẹni tó ti oko dé.

Ìyá mi ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Àwọn awakọ̀ tó ń gbé ìyá mi lọ sí Ṣáṣá kò ka epo sí nǹkan kan. Wọ́n á to kẹ́ẹ̀gì sí abẹ́ ewúrẹ́, wọ́n á gbé èrò lé e lórí. Lọ́jọ́ kan, ìdérí kẹ́ẹ̀gì méjì ṣí lójú ọ̀nà, epo tú sórí ẹrù obìnrin aláṣọ kan, aláṣọ gbá ìyá mi mú, awakọ̀ sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń jẹ ọsàn. Ìyá mi bú awakọ̀ yẹn. Wọ́n bú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n bú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n bú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n sì ní bí àwọn bá tún fi ẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ elẹ́rù kankan lójú ọ̀nà yẹn, kí wọ́n yí orúkọ àwọn padà. Gbogbo awakọ̀ tó wà ní gáréèjì ló gbọ́. Ìyá mi délé pẹ̀lú epo lára bí àkàrà, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ aláwọ̀ ewé yẹn.

"Bàbá Ṣìfá, ẹ kọ́ mi ní ọkọ̀."

Bàbá mi yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀. "Èwo?"

"Èyí tó ń jẹ èèpo iṣu yìí."

Inú bàbá mi dùn bí ẹni tí wọ́n fún lóyè. Pápá iléèwé wa ni wọ́n ti ń kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ìyá mi ti mọ gíà, wọ́n ti mọ bíréèkì, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń bú ẹni tó bá dúró sójú ọ̀nà. Ohun tí wọn kò lè ṣe ni kí wọ́n yí sítíárìn. Bí ọ̀nà bá lọ tààrà, ìyá mi ń lọ bí ọ̀gá. Bí ọ̀nà bá yà, ìyá mi kò ní yà. Bí wọ́n ṣe wọ oko ilá Bàbá Àgbà lẹ́yìn ilé nìyẹn, ebè mẹ́rin gbáko, ọkọ̀ kò dúró àfìgbà tó kan igi ìbẹ́pẹ.

Bàbá Àgbà jáde, wọ́n wo ilá, wọ́n wo ọkọ̀. "Ìyàwó, ṣé ilá lo fẹ́ já ni? Ọwọ́ la fi ń já a."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo yí i, kò yí ni."

"Mo rí i. Ilá náà rí i."

Ká sọ tòótọ́, Bàbá Àgbà ti ní ọkọ̀ náà sínú tẹ́lẹ̀. Orí pèpéle tí a ti ń sá èlùbọ́ ni bàbá mi gbé e sí, èlùbọ́ wá di ohun tí à ń sá sórí òrùlé, tí ẹyẹ ń yàgbẹ́ sí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin kan tó ní ilé ọtí ní Mọ́níyà wá wo ọkọ̀ náà, tó ní òun fẹ́ rà á. Kì í ṣe láti wà á o. Ó ní òun fẹ́ gbé e síwájú ilé ọtí òun, kí àwọn oníbàárà máa jókòó sínú rẹ̀ ya fọ́tò, kí òun sì gbin òdòdó síbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Bàbá mi gbọ́ òdòdó, ojú wọn pọ́n. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ló ni ilẹ̀, Bàbá Àgbà ló sì ni ilá.

"Rafíù, gbọ́," ni Bàbá Àgbà wí fún bàbá mi, a wà ní gbangba ìta nígbà náà, gbogbo ilé ń gbọ́. "Ọlọ́tí ń padà bọ̀ ní Sátidé, kì í ṣe èyí tó ń bọ̀ yìí, ìkejì rẹ̀. Bí ìyàwó bá lè wa nǹkan yìí láti ibí dé oríta, tó yí i padà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bá a fọwọ́ kàn án, kó máa fi kó epo rẹ̀, n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá lè yí i, kí ọlọ́tí máa gbé e lọ, kí n rí ibi sá èlùbọ́ sí."

 Ìyá mi tú ìró, wọ́n tún un ró, wọ́n wọlé. Mo mọ ohun tó gbé wọn wọlé. Wọ́n ti bú gbogbo awakọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ṣáṣá. Bí ọkọ̀ yìí bá lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi gbé epo rìn, tàbí kí wọ́n lọ bẹ awakọ̀ tó ń jẹ ọsàn yẹn.

Lọ́jọ́ kejì bàbá mi gba àyè níbi iṣẹ́, wọ́n lọ sí Géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta gbogbo ohun tó tú lára ọkọ̀ tòkúnbọ̀. Àpò kan ni wọ́n gbé dé. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ sórí ẹní bí ẹni pàtẹ: sípíríìn méjì tó nípọn bí ọwọ́ mi, ṣọ́ọ̀kì méjì, ẹ̀rọ sítíárìn tó ní páǹpù tirẹ̀, àwọn páìpù àti bẹ́líìtì. Wọ́n ṣàlàyé fún wa bí tíṣà. Wọ́n ní ohun méjì ló ń ṣe ọkọ̀ náà: ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kò tó ẹrù tó gbé, ọwọ́ tó fi ń yà kò sì ní olùrànlọ́wọ́. Àwọn máa fún un ní ẹsẹ̀ tuntun, àwọn á wá fún un ní olùrànlọ́wọ́.

"Kí ni ẹ máa fi gbé e dúró kí ẹ tó tú ẹsẹ̀ rẹ̀?" ni ìyá mi béèrè.

Bàbá mi wo apá ilé ìdáná. Bí odó wa ṣe di mẹkáníìkì nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ẹ̀bà láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án. Lálẹ́, ìyá mi á yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n á ní gààrí ni. Bàbá Àgbà, tí iyán ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọjọ́ ti tán, á gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n á máa wo odó wọn lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni wo ọmọ tí ọlọ́pàá mú. "Rafíù, ìgbà wo ni ọkọ̀ yìí máa jẹun tán, kí èmi náà lè jẹun?" Bàbá mi á ní ó kù díẹ̀. Sípíríìn tuntun tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i le jù. Nígbà tí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, imú tó ti ń wolẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń wo ọ̀run, bí ajá tó rí ẹran lórí àjà. Wọ́n tún gbé e padà sórí odó, wọ́n fi ayùn gé ìká kọ̀ọ̀kan kúrò lára sípíríìn. Odidi ọjọ́ méjì ni ayùn yẹn fi ké, eyín gbogbo wa ń kan. Nígbà tí wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀, ọkọ̀ wá ń wo iwájú bí ọmọlúàbí.

Ti sítíárìn ni mo fẹ́ràn jù. Bàbá mi ní ọwọ́ ìyá mi ni àwọn máa fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọwọ́ tàwọn. Wọ́n gbé àpótí ìdáná sí gbangba ìta, wọ́n ní kí ìyá mi jókòó, wọ́n gbé àtẹ lé wọn lọ́wọ́. "Yà sí òsì." Ìyá mi yí àtẹ. "Yà sí ọ̀tún. Ewúrẹ́ sáré kọjá!" Ìyá mi tẹ ilẹ̀, wọ́n bú ewúrẹ́ tí kò sí níbẹ̀. Bàbá mi ń fi okùn wọn igbá àyà ìyá mi sí àtẹ, wọ́n ń fi ẹ̀fun sàmì. Bàbá Àgbà kọjá, wọ́n dúró, wọ́n wo àtẹ òfìfo yẹn.

"Ìyàwó, kí lò ń tà?"

"Ọkọ̀ ni mò ń wà, Bàbá."

"Ẹ kú ọ̀nà."

Ibi tí ọwọ́ tèmi ti wọ ọ̀rọ̀ náà ló kù. Bàbá mi ra ọ́ìlì kan mọ́ ẹrù yẹn, inú gálọ́ọ̀nù kékeré ló wà, ó pupa wẹ̀ẹ̀, ó ń dán. Wọ́n gbé e sókè kí oòrùn tàn sí i. Wọ́n ní bí ọ́ìlì yìí bá ti wọ inú páǹpù, ọmọ ọwọ́ á máa fi ìka kan yí ọkọ̀. Wọ́n ní ọ́ìlì yìí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Èmi tí mo gbọ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Kí ni mo mọ̀? Mo rò ó pé ohun tó lè yí ọkọ̀, á lè sáré. Iléèwé wa ń múra eré sísá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo bu díẹ̀ sínú ìdérí ìgò, mo fi pa ẹsẹ̀, mo sáré yí ilé wa ká, ó sì dà bí ẹni pé mo fò. Ẹ̀rí tó tó mi nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì mo gbé ìgò kékeré kan dání lọ sí iléèwé. Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, ni mo kọ́kọ́ fi pa lẹ́sẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bọ́sẹ̀ ju gbogbo ọmọ kíláàsì wa lọ nínú eré sísá tẹ́lẹ̀, kí n sọ òótọ́, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí ìyẹn. Bó ṣe gbégbá orókè báyìí, mo ní, "Ẹ wò ó! Ọ́ìlì bàbá mi ni." Wọ́n tò sẹ́yìn igi máńgòrò. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan fún ìpara kan. Àwọn kan para nítorí eré, àwọn kan nítorí ìjàkadì, ọmọ kan ní kí n fi pa á lórí nítorí ìṣirò. Mo fi pa á lórí. Títí di òní, èrè tó dùn mọ́ mi tó yẹn kò pọ̀.

Ìgbà tí mo fi máa mọ̀, gálọ́ọ̀nù bàbá mi ti dín sí ìdajì.  Ṣùgbọ́n ta ló ń wá epo rìn jìnnà nílé wa? Inú yàrá ìyá mi kún fún ohun pupa. Mo yọ epo láti inú kẹ́ẹ̀gì Akanran, èyí tó mọ́ jù lọ, tí ìyá mi ń tọ́jú fún àwọn oníbàárà pàtàkì, mo dà á sínú gálọ́ọ̀nù títí ó fi kún dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, mo mì í. Pupa pàdé pupa. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ọ̀fìnkìn ti dí bàbá mi nímú, wọn kò gbóòórùn ohunkóhun. Ọ̀sán Jímọ̀ọ́, oòrùn ń mú gan-an, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú ike orí páǹpù. Wọ́n ṣáná sí ọkọ̀. Wọ́n pe ìyá mi. Ìyá mi fi ọwọ́ kan yí sítíárìn, ó yí. Wọ́n fi ìka kan yí i, ó yí. Ìyá mi pariwo "Halelúyà!", Bàbá Àgbà ní "Alhamdulillahi, ẹ dá odó mi padà," a sì jẹ iyán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi náà dúpẹ́. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Àárọ̀ Sátidé, ọyẹ́ náà mú débi pé ewúrẹ́ kò fẹ́ jáde. Ọlọ́tí dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì àti okùn, ó sì ti mú okùn ìwọ̀n dání láti fi wọn ibi òdòdó. Ìyá mi ti gbàdúrà, wọ́n ti so gèlè mọ́ orí pinpin. Wọ́n wọlé, wọ́n ṣáná, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Wọ́n di sítíárìn mú, wọ́n yí i.

Kò yí.

Bẹ́líìtì ké wíííí bí ẹlẹ́dẹ̀. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì yí i, wọ́n fi ìdí dìde bí bàbá mi ti ń ṣe láyé ìjọ́un, ojú wọn yọ òógùn nínú òtútù yẹn. Ó tilẹ̀ le ju tàtijọ́ lọ.

"Àná ni Ìyá Ṣìfá fi ìka kan yí i!" Bàbá mi ń sín, wọ́n ń sọ̀rọ̀. "Ìka kan! Gbogbo yín wà níbẹ̀!"

"Bàbá, ṣé ká so okùn mọ́ ọn?" ni ọlọ́tí béèrè lọ́wọ́ Bàbá Àgbà.

Bàbá Àgbà ń wo ọkọ̀. Mo wo ojú ìyá mi. Ẹ̀rín mi gbẹ. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra wọn, wọ́n ṣí ike orí páǹpù, wọ́n ki ìka bọ̀ ọ́. Ohun tó bá ìka náà jáde dì bí ògì. Ìyá mi fi àtàǹpàkò rà á, wọ́n gbé e sí imú. Ẹni tó ti ń ta epo láti ìgbà tí kò tíì lọ́kọ, tó jẹ́ pé gbogbo àárọ̀ ọyẹ́ ló ń fi omi gbígbóná bẹ epo kó tó jáde lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì!

"Akanran," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́.

Bọ́sẹ̀, tó ti wá wòran, ti na ọrùn sínú ẹ́ńjìnnì. "Ṣìfá! Ṣé kì í ṣe ọ́ìlì tí o fi ń pa wá lẹ́sẹ̀ nìyẹn?"

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Ìyá mi yíjú, wọ́n wò mí. Ọlọ́run ló ṣe é, bàbá mi tún ń sín lọ́wọ́, wọn kò gbọ́.

"Bọ́sẹ̀, pa ẹnu dé," ni ìyá mi wí. "Ṣìfáwù, gbé omi tó wà lórí iná wá."

Bàbá Àgbà dìde lórí àga. "Omi ìwẹ̀ mi nìyẹn! Kí n má jẹ iyán fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí n má tún wẹ̀?"

"Ẹ fojú fò ó, Bàbá mi. Mà á gbé òmíràn kaná fún yín."

Ìyá mi fi àpò àtijọ́ wé ike náà àti àwọn páìpù rẹ̀, wọ́n ń bu omi gbígbóná lé e díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe fún kẹ́ẹ̀gì. Bàbá mi dúró tì wọ́n, ìwé òyìnbó lọ́wọ́. "Ìyá Ṣìfá, ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Ìwé kò gbé ní Ìrókò."

Nígbà tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìyá mi padà sórí ìjókòó. Wọ́n ṣáná. Bẹ́líìtì ké díẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ kan yí i, táyà méjèèjì yà sí òsì wọ́ọ́rọ́, wọ́n yà sí ọ̀tún. Bàbá Àgbà kò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kejì, wọ́n wọlé jókòó pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n ní adájọ́ gbọ́dọ̀ wà níbi ẹjọ́. Ọkọ̀ jáde. Gbogbo ilé ń sáré tẹ̀ lé e nínú eruku, ọlọ́tí náà ń sáré. Ní oríta, wọ́n kó iṣu jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ̀kẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá mi gba àárín wọn, wọ́n fi ọwọ́ kan yí ọkọ̀ padà, wọ́n fi ọwọ́ kejì tún gèlè ṣe. Ìyẹn kò pọn dandan. Ìyàngàn ni.

Nígbà tí wọ́n padà délé, ọlọ́tí bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn rẹ̀. "Ẹ lọ wá nǹkan mìíràn gbin òdòdó sí," ni Bàbá Àgbà sọ fún un. Wọn kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n yíjú sí ìyá mi. "Ìyàwó, nígbà tí o dé oríta, kí ló dé tí o kò lọ síwájú díẹ̀ sí i kí àwọn ará ìsàlẹ̀ rí mi?"

Ìyá mi sọ fún bàbá mi pé ọ́ìlì tí wọ́n tà fún wọn kì í ṣe ojúlówó, pé òtútù ló mú un dì, kí wọ́n paárọ̀ rẹ̀. Bàbá mi dà á nù, wọ́n fọ inú páǹpù, wọ́n ra òmíràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Títí wọ́n fi kú, wọn kò dárí ji ọkùnrin Géètì yẹn. Mo wà lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bú u lójú ara rẹ̀ níwájú ọjà rẹ̀. Ọkùnrin náà ń búra, èmi ń ka òkúta ilẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Ó ti pẹ́.

Èmi náà kò sinmi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo fi ń retí ẹgba, ìyá mi ń bu oúnjẹ fún mi bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ní Sátidé, wọ́n to kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ní kí n wọlé, Ṣáṣá ni à ń lọ. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Mọ́níyà kí wọ́n tó lanu.

"Kí lò ń gbà lọ́wọ́ wọn?"

Mo wo ilẹ̀ ọkọ̀. "Ẹ̀pà, mà."

"Báwo ni ó ṣe pọ̀ tó?"

"Ẹ̀kúnwọ́ kan."

"Fún ẹsẹ̀ kan?"

"Fún ẹsẹ̀ méjèèjì, mà. Àti apá."

Ìyá mi fi ọwọ́ kan yà fún kòtò, wọ́n pa gíà dà. Wọ́n pòṣé.

"Àti epo Akanran mi tó dípò rẹ̀," ni wọ́n wí. "O tà á ní owó pọ́ọ́kú."